Trinidad àti Tobago, láti òwúrọ̀ dé ọ̀gànjọ́ òru

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjókòó o.

Bí wọ́n bá dárúkọ erékùṣù Caribbean, etí òkun ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: iyanrìn, igi àgbọn, àga tí èèyàn nà gbọọrọ sí. Gbogbo ìyẹn wà ní Trinidad àti Tobago. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá náwó débẹ̀, tó wá fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko sùn sí etí omi, ó ń dùn mí fún un. Ohun tí ẹ máa rí láàárọ̀ níbẹ̀ kọ́ lẹ máa rí lálẹ́, nítorí náà, oòrùn la máa tẹ̀ lé lónìí.

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Port of Spain, olú ìlú wọn ní erékùṣù Trinidad. Ẹ má tíì jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ wá ibi tí èrò ti yí ẹni tó ń ta doubles ká. Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀: ó tẹ́ bara méjì sórí bébà, ìyẹn ìyẹ̀fun pẹlẹbẹ tí wọ́n dín, ó bu channa lé e, irú ẹ̀wà róbótó kan tí wọ́n fi kọ́rì sè, ó sì ti dì í kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bó bá bi yín nípa ata, ẹ ní “slight”, ìyẹn díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ata rodo yangàn nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ní slight ná. Àtọmọdọ́mọ àwọn ará Íńdíà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá sí oko ìrèké ní 1845 ló ni oúnjẹ yìí, òòró la sì ń jẹ ẹ́.

Kí oòrùn tó mú, ẹ dorí kọ gúúsù, sí La Brea. Adágún ọ̀dà ló wà níbẹ̀, irú ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, tó gba nǹkan bí 40 hẹ́kítà. Amọ̀nà á mú yín rìn lórí rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́, á rọra kún padà.

Lójú ọ̀nà, ẹ lè rí àsíá pupa tàbí funfun lórí ọ̀pá gígùn nínú àgbàlá ilé. Ó lè jẹ́ ti ẹlẹ́sìn Híńdù, ó sì lè jẹ́ ti Ògún tàbí Ṣàngó, nítorí wọ́n kó àwọn èèyàn wa débẹ̀, orin òrìṣà wọn ò sì tíì kú. Ojúbọ kì í ṣe ibi ìran wíwò o. Bí wọn ò bá pè yín, ẹ má wọlé.

Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ ti gbọ́dọ̀ wà ní irà Caroni. Ọkọ̀ ojú omi á rọra gba àárín igi tó ta gbòǹgbò rẹpẹtẹ sínú omi. Ejò lè ká sórí ẹ̀ka kan, kó máa sùn. Nígbà tó bá yá, atukọ̀ á pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ dákẹ́. Ẹyẹ kan á kọjá, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Méjì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ogún, títí igi tó tutù yọ̀yọ̀ níwájú yín á fi di pupa. Scarlet ibis ni wọ́n ń pè é. Ọmọ rẹ̀ kì í pọ́n. Edé àti akàn tó ń jẹ ló ń sọ ọ́ di pupa bó ṣe ń dàgbà.

Tobago, erékùṣù kejì, ò jìnnà, bàálù kì í lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gbé yín gba orí Buccoo Reef, òkìtì iyùn abẹ́ omi, dé Nylon Pool, níbi tí ẹ máa bọ́ sílẹ̀ láàárín òkun, tí omi ò ní kọjá ìbàdí yín. Ẹ má tẹ iyùn mọ́lẹ̀, nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Igbó Main Ridge náà wà níbẹ̀, tí òfin ti ń dáàbò bò láti 1776, kí òjò má bàa dẹ́kun.

Ó wá ku òru. Láti oṣù kẹta dé oṣù kẹjọ, leatherback, ìjàpá òkun tó tóbi jù láyé, máa ń gòkè wá yé ẹyin ní Matura àti Grande Riviere, ní Trinidad. Ẹ gba ìwé àṣẹ ṣáájú, kí ẹ sì tẹ̀ lé amọ̀nà. Ẹ má tan tọ́ọ̀ṣì funfun. Iná pupa ni amọ̀nà ń lò. Bó bá ní kí ẹ sún mọ́ ìjàpá náà, ẹ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ èémí rẹ̀, bí ẹni tó ru igi bọ̀ láti oko. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ á ki bọ iyanrìn, á bù ú jáde bíi ṣíbí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì, títí kòtò á fi jìn. Ẹyin funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́. Omi á máa ṣàn lójú rẹ̀. Iyọ̀ òkun ló ń dà nù bẹ́ẹ̀. Bó bá parí, á bo kòtò, á da iyanrìn agbègbè rẹ̀ rú kí ẹnikẹ́ni má mọ ojú ibẹ̀, á wọ́ padà sínú òkun.

Nǹkan bí ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn náà, àwọn ọmọ á yọ, wọn ò tó àtẹ́lẹwọ́. Bí ẹ bá pàdé wọn níbi tí wọ́n ti ń fà lọ sí ọ̀nà omi, ẹ má gbé wọn o. Ẹ yà fún wọn, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn débẹ̀.