Abà Tí Igi Rẹ̀ Lójú

Ẹ kú àtijọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Òtútù Manchester ti mú mi lóhùn, ẹ bá mi fara dà á.

Nígbà tí mo lọ sílé ní oṣù Kejìlá, mo yà kí ẹ̀gbọ́n mi kan ní Bódìjà. Àwòrán ńlá kan wà lára ògiri pálọ̀ wọn: abúlé lóru òṣùpá, àwọn obìnrin ń gúnyán, àwọn ọmọdé ń jó, aṣọ gbogbo wọn mọ́ nigín-nigín. Ó rẹwà, mi ò parọ́. Àmọ́ ẹ̀rín ń pa mí. Ta ló pọn omi tí wọ́n fi se iṣu yẹn?

Ẹ ṣáà mọ àwa ọmọ Ìbàdàn: ilé ń bẹ nígboro, abà ń bẹ lóko. Tí ilé ìwé bá ti gba ọlidé, ó di abà bàbá àgbà wa, lọ́nà Àkànràn. Èmi ni mo ń pọnmi. Jìgá ń jẹ mí lẹ́sẹ̀, òórùn kòkó tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ò sì ní kúrò lára aṣọ mi títí a ó fi padà sígboro. Lálẹ́, kì í ṣe àlọ́ ìjàpá nìkan ni bàbá ń pa fún wa. Wọ́n á sọ bí Tàfá Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà ṣe kọ owó orí ní 1968. Ẹ bá mi wá agbowó orí kan ṣoṣo nínú àwòrán abúlé.

Ẹni tó ya abà tèmi ni Twins Seven-Seven. Oníjó ni, ó ń bá ẹni tó ń ta oògùn jó kiri, kó tó dé Mbárí Mbáyọ̀, ilé àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, ní 1964. Ibẹ̀ ló ti di ayàwòrán. Ìbàdàn wa náà ló dákẹ́ sí ní 2011. Kì í fi àyè kankan sílẹ̀: ẹja nínú ẹyẹ, ojú lára igi, iwin lẹ́yìn iwin, ìlà wẹ́wẹ́ lára gbogbo wọn bí ẹni kọlà. Bí ọ̀nà odò ṣe ń rí nìyẹn lójú ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ru korobá, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí wọ́n sì ti kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ wẹ̀yìn. Igi tí mo mọ̀ dáadáa lọ́sàn-án á ti lójú.

Mo fi ọ̀kan nínú àwọn àwòrán náà han ọmọ mi lórí fóònù lánàá. Ó ní tí mo bá gbé e kọ́ sí yàrá òun, òun ò ní sùn síbẹ̀.

Inú mi dùn gan-an ni.