Ọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Ṣe Kéèkì Orí Igi fún Ìgbà Àkọ́kọ́

Sekaráyà 4:10: "Nítorí ta ni ha kẹ́gàn ọjọ́ ohun kékeré?"

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ìyá wa àti àbúrò wa ní Kàbà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀ àti gbogbo ilẹ̀ Ìjùmú, Yàgbà àti Búnú. Ẹ kú ojúmọ́.

Ìwọ tó ò ń ṣe kéèkì nínú ilé, tí wọ́n ní kó o ṣe kéèkì róbótó orí igi (cake pop, ìyẹn kéèkì tí a rún, tí a mọ róbótó, tí a gún mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sì fi ṣokoléètì bò) fún ọjọ́ ìbí ọmọ tàbí ìkórè àwọn ọmọdé, má fojú kékeré wò ó. Ẹ́kísódù 31 sọ pé Ọlọ́run fi ẹ̀mí rẹ̀ kún Bésálẹ́lì, ó fún un ní ọgbọ́n àti òye fún oríṣiríṣi iṣẹ́ ọnà. Ọlọ́run yẹn kò yí padà. Gbàdúrà, kó o sì gbé òṣùwọ̀n jáde.

Kéèkì gan-an kò le: fúláwà 250 g, bọ́tà 250 g, ṣúgà 200 g, ẹyin 5, báákìn páúdà ṣíbí tíì 2, mílíìkì ṣíbí ìjẹun 2. Bó o bá ní óòfù, 170°C ni. Bó bá jẹ́ ìkòkò oníyanrìn lò ń lò, jẹ́ kí yanrìn gbóná fún ìṣẹ́jú 15 kó o tó gbé páànù sí i, má sì jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kó o ti yan án. Kéèkì tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ máa ń yọ́ bọ́tà inú áísìn, á wá di ẹrẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Láàárọ̀, gé ẹ̀gbẹ́ tó ti le kúrò, kó o fọwọ́ rún ìyókù títí yóò fi dà bíi gàrí. Bọ́tà 40 g àti áísìn ṣúgà 60 g ni kó o lù pọ̀ di áísìn, ṣùgbọ́n má da gbogbo rẹ̀ sí kéèkì rírún náà lẹ́ẹ̀kan. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n rò pé bí áísìn bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa dùn tó, bẹ́ẹ̀ áísìn àpọ̀jù ló ń mú un rọ̀, tó fi ń yọ́ bọ́ kúrò lórí igi. Fi ìdajì sí i, pò ó, kó o fún díẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Bó bá dì mọ́ra tí kò fọ́, tí kò sì fi ọ̀rá sí ọ lọ́wọ́, ó tó. Wọ̀n ọ́n ní 30 g, 30 g, kó o yí i róbótó. Bí 30 ni yóò jáde.

Gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan sí méjì. Bí kò bá sí iná, fi nylon wé e dáadáa, kó o gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín. Tútù la fẹ́, a ò fẹ́ kó dì gbagidi: èyí tó bá dì máa ń fẹ̀ sí i bí ara rẹ̀ bá ṣe ń yá, á sì la ṣokoléètì tó wà lára rẹ̀.

Ṣokoléètì 500 g ló máa tó o. Gbé abọ́ rẹ̀ sórí ìkòkò omi gbígbóná, kí ìdí abọ́ má kan omi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ nu ṣíbí gbẹ! Ẹ̀kán omi kan péré lè mú kí gbogbo abọ́ dì wóróworó. Bó bá ki jù, òróró díẹ̀ ni kó o fi là á, kì í ṣe omi, kì í ṣe mílíìkì. Àwọ̀ olómi tí a ń fi sí áísìn kò bá a mu. Èyí tí wọ́n ṣe fún ṣokoléètì ni kó o rà. Nínú oòrùn oṣù kẹta níhìn-ín, ṣokoléètì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹ̀kùrọ́ ṣe ló dára jù, torí ọ̀rá kòkó máa ń yọ́ ní bíi 34°C.

Ti orí igi bọ ṣokoléètì díẹ̀, fi gún kéèkì dé àárín, kó o dá a padà sí fíríìjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà, rì í sínú ṣokoléètì tààrà, fà á jáde tààrà. Má fi po ṣokoléètì. Máa yí igi, máa gbọn ọwọ́ jẹ́jẹ́ kí àṣẹ́kù kán. Bo ẹnu ibi tí igi ti wọlé, torí ihò kékeré níbẹ̀ ni ọ̀rá máa ń gbà yọ jáde. Gún un mọ́ fóòmù kó dúró.

Ní àsìkò kajú, a dámọ̀ràn èyí gidigidi: mọ ọ́n ní ìrísí èso kajú, fi ṣokoléètì pupa tàbí yẹ́lò bò ó, kó o tẹ kóró kajú yíyan kan mọ́ orí rẹ̀ kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bi ìyá ọmọ léèrè bóyá kajú ń bá ara ọmọ rẹ̀ jà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Olúwa, mo dúpẹ́ fún ọwọ́ tó lè ṣiṣẹ́ lónìí. Fún mi ní sùúrù ní wákàtí tí kéèkì wà nínú fíríìjì, kí n má kánjú mú un jáde.

Bàbá, bí iná bá lọ, má jẹ́ kí iṣẹ́ mi bàjẹ́. Fi ẹni tó ní yìnyín sí ìtòsí mi.

Fún mi ní ìgboyà láti sọ iye tó tọ́, kí n ka owó gáàsì, igi àti nylon mọ́ ọn, kí n má sì rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Kí gbogbo ọmọ tó bá jẹ ẹ́ jẹ ẹ́ ní àlàáfíà, ní orúkọ Jésù. Àmín.