Fẹ́lóṣíìpù àléjì àti àjẹsára: orúkọ kan, ìtumọ̀ méjì

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin dókítà ẹlẹgbẹ́ mi. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Kí n tó dárúkọ ilé ìwòsàn tàbí ìdánwò kankan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan palẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń kọ̀wé bi mí bí wọn yóò ṣe di dókítà àléjì (ìyẹn, kí ara máa kọ ohun tí kì í ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan) àti àjẹsára (agbára tí ara fi ń bá àìsàn jà) ní Amẹ́ríkà ti máa ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà ni fẹ́lóṣíìpù.

Nílé wa níbí, bí dókítà bá ti ṣe rẹ́sídẹ́ńsì rẹ̀, ìyẹn ọdún tí ó fi ń kọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn, tí ó yege nínú Apá Kìíní ìdánwò, tí ó sì yege nínú Apá Kejì lọ́dọ̀ West African College of Physicians tàbí National Postgraduate Medical College, a ó ní ó ti di fẹ́lò, a ó bá a yọ̀, ó sì ku kí ilé ìwòsàn gbà á gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹsọ́tánǹtì. Ibi tí ìrìn àjò parí sí lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, fẹ́lò ni ẹni tí ó ti parí rẹ́sídẹ́ńsì, tí ó tún wá jókòó sí ẹsẹ̀ ọ̀gá mìíràn láti kọ́ ẹ̀ka kan péré. AKẸ́KỌ̀Ọ́ NI. Mo tún un wí: akẹ́kọ̀ọ́ ni.

Inú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ni mo dàgbà sí, nítòsí ààfin Ṣọ̀ún, nítorí náà ẹ óò gbà mí láàyè kí n fi iṣẹ́ bàbá mi ṣe àpèjúwe. Ọmọ iṣẹ́ yóò kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, wọn yóò ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un, wọn yóò se ìrẹsì, wọn yóò ya fọ́tò, ó di ọ̀gá. Síbẹ̀ mo rí lára wọn tí ó jẹ́ pé lẹ́yìn fírídọ́ọ̀mù ni wọ́n tó di ẹrù, tí wọ́n gba Ìlọrin lọ láti kọ́ bí a ṣe ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá, tí ẹni tí ó ti ń gba iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì tún di ẹni tí ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀. Ọnà ọrùn agbádá yẹn ni Amẹ́ríkà ń pè ní fẹ́lóṣíìpù. Fírídọ́ọ̀mù ni àwa fi orúkọ kan náà pè.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó ń dunni. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti di fẹ́lò ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé nílé níbí ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọdún méjì péré ni òun yóò lò lọ́hùn-ún kí òun tó di dókítà àléjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. American Board of Allergy and Immunology, ìgbìmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1971, tí ó sì ń fún àwọn dókítà ẹ̀ka yìí ní ìwé ẹ̀rí, ń fẹ́ kí ẹni tí yóò ṣe ìdánwò rẹ̀ ti kọ́kọ́ gba ẹ̀rí Amẹ́ríkà ní ìtọ́jú ọmọdé tàbí ní ìtọ́jú àgbàlagbà tí a ń pè ní internal medicine. Nítorí náà, rẹ́sídẹ́ńsì ọdún mẹ́ta ti ọ̀dọ̀ wọn ni ó ń dúró de ọ̀pọ̀ nínú yín kí ọdún méjì ti àléjì tó kàn, ì báà jẹ́ pé ẹ ti gba fẹ́lò wá láti ilé. Mẹ́ta pẹ̀lú méjì. MÁRÙN-ÚN ni, kì í ṣe méjì, ẹ kò sì tíì ka àkókò tí USMLE, ìdánwò àṣẹ iṣẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà, àti ìwé ẹ̀rí ECFMG, tí dókítà tí ó kàwé lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní, yóò gbà. Lórí ìyẹn, n kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún méjì ti àléjì yìí, nǹkan bí ìdajì àkókò wà fún ìtọ́jú aláìsàn, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin sì wà fún ìwádìí. Ì báà jẹ́ ẹ̀ka ọmọdé tàbí ti àgbàlagbà ni ẹ ti wá, tọmọdé tàgbà ni ẹ óò tọ́jú: ikọ́ fée, imú tí kì í gbẹ, oúnjẹ tàbí oògùn tí ara kọ̀, àti àwọn ọmọ tí a bí pẹ̀lú àjẹsára tí kò pé, tí àìsàn kan kì í tíì lọ kí òmíràn tó dé. Bí ẹ bá ń rò ó pé kí ló pa àléjì àti àjẹsára pọ̀, ẹ rántí pé ní 1906 tí Clemens von Pirquet, dókítà ọmọdé ará Austria, dá ọ̀rọ̀ àléjì sílẹ̀, ohun tí ó ní lọ́kàn ni pé ara tí ó ti pàdé nǹkan kan rí kì í ṣe bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ mọ́, yálà ó ṣe é lóore ni tàbí ó pa á lára.

Ẹ wá fara balẹ̀ wàyí. Gbogbo ènìyàn ni ó ń bi mí nípa ìdánwò awọ ara, bí ẹni pé òun ni gbogbo iṣẹ́ náà. A ó kán èròjà tí a fura sí sí apá, a ó fi abẹ́rẹ́ kékeré gún ibẹ̀ díẹ̀, a ó dúró fún ìṣẹ́jú 15 sí 20. Bí ibẹ̀ bá wú ju ojú ibi tí a kán omi lásán sí fún ìfiwéra lọ ní 3 mm ó kéré tán, a ó ní ó hàn. Kí ni ó hàn? Ó hàn pé ara ti ní IgE, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń dojú kọ ohun tí ó kà sí ọ̀tá, sí nǹkan náà. KÒ TÍÌ HÀN pé nǹkan náà ni ó ń ṣe aláìsàn. Ọmọ kan lè máa jẹ ẹ̀pà lójoojúmọ́ láìsí wàhálà, kí apá rẹ̀ sì wú fún ẹ̀pà. Bí ẹ bá tìtorí apá wíwú sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó má fún un mọ́, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ tí kò ní àléjì. Ìbéèrè ni ó ń ṣáájú, ìdánwò ni ó ń tẹ̀lé e. Ìbéèrè kọ́kọ́!

Ẹ wo mángòrò tí ó kún ìlú yìí. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá fi eyín bó èèpo rẹ̀, ó máa ń di ọjọ́ kejì kí ètè mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún, kí ó sì sú. Ìyá mi ní oje ni, òótọ́ ni ó sì sọ. Èròjà kan wà nínú oje náà tí ó bá ti èèpo kóró kajú tan, nítorí pé ìdílé kan náà ni igi méjèèjì. Àwọn sẹ́ẹ̀lì T, irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan, ni wọ́n ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wọn kì í sì í kánjú, nítorí náà abẹ́rẹ́ ogún ìṣẹ́jú kò ní rí wọn. Ìdánwò tí a ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn fún ọjọ́ méjì, tí a tún ń padà wò lẹ́yìn náà, ni ó yẹ wọ́n. Ọmọ mìíràn sì wà tí yóò jẹ kajú yíyan, tí ojú rẹ̀ yóò wú láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí èémí rẹ̀ yóò sì máa há. Ti IgE nìyẹn, ikú sì wà níbẹ̀. “Báwo ni ó ti pẹ́ tó lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ́?” Ìbéèrè yẹn nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá sì bá ọmọ kejì yẹn pàdé, abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì sínú iṣan itan ni àkọ́kọ́. Kì í ṣe Piriton. Kì í ṣe haidirokọ́tísónì. ADIRẸNALÍÌNÌ.

Bí Amẹ́ríkà bá jìnnà jù, University of Cape Town ní African Paediatric Fellowship Programme, tí ń gba àwọn dókítà ọmọdé láti ilẹ̀ Áfíríkà káàkiri, tí àléjì sì wà lára ohun tí ó ń kọ́ wọn, pẹ̀lú èrò pé wọn yóò padà sí ilé ìwòsàn tiwọn.

Fún àwọn tí Amẹ́ríkà ṣì wà lọ́kàn wọn: oṣù keje, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kẹta rẹ́sídẹ́ńsì, ni ìwé yín yóò dé ọwọ́ àwọn olùkọ́, èsì yóò jáde ní oṣù kejìlá, iṣẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù keje tí ó tẹ̀lé e. Àwọn tí yóò kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí fún yín kì í fẹ́ kí a wá kan ilẹ̀kùn wọn ní oṣù kẹfà, nítorí náà ẹ ti lọ bá wọn kí oṣù kẹrin tó parí.