Nemo ń ṣí, Nemo ń kú: àtúnṣe lórí Linux Mint láì fọ́máàtì

Ẹ káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Kúbwá. Linux Mint, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ló wà lórí kọ̀ǹpútà yìí. Nemo tí a fi ń ṣí fáìlì nìyẹn. Ẹ wò ó: mo tẹ fódà Pictures, gbogbo ẹ̀ pòórá. Wọ́n ti sọ fún oníbàárà pé àfi kó fọ́máàtì. Fọ́máàtì kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é.

Ẹ tẹ Ctrl, Alt àti T pọ̀ kí terminal, fèrèsé tí a ti ń kọ àṣẹ, ṣí. Ẹ kọ nemo -q láti pa èyí tó bá ṣì wà lábẹ́lẹ̀, kí ẹ wá kọ nemo nìkan. Ẹ má pa terminal dé o! Ẹ ṣe ohun tó máa ń mú un kú. "Segmentation fault" kàn ń sọ pé ó ti kú ni. Ìlà òkè ẹ̀ ni kí ẹ kà. Bí ẹ bá rí orúkọ plugin (àfikún kékeré inú Nemo) níbẹ̀, ẹ lọ sí Edit, Plugins, kí ẹ yọ ààmì iwájú ẹ̀. Ti èyí kò ní orúkọ plugin kankan.

Ẹ kọ df -h láti wo àyè tó kù lórí dísíìkì. Bí dísíìkì bá ti kún dé 100%, ẹ dá àyè sílẹ̀ ná.

Níbi tí fódà kan ṣoṣo bá ti ń pa á, bíi ti èyí, mo máa ń fura sí dísíìkì tàbí fáìlì. Ẹ̀yin náà mọ iná Abuja: ó lè lọ nígbà tí ẹ ń kó fáìlì lọ́wọ́. Ẹlòmíì sì ń fa fíláàṣì yọ láì tẹ Eject. Ẹ kọ sudo dmesg | tail -n 30 láti ka ọgbọ̀n ìlà tó kẹ́yìn nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà. Bí "I/O error" (kíkà tàbí kíkọ sórí dísíìkì kùnà) bá wà níbẹ̀, ẹ dáwọ́ àtúnṣe dúró, ẹ fi cp -r kó ẹrù yín sórí dísíìkì mìíràn kíákíá.

Kò sí níbí. Ó dáa, Edit, Preferences, Preview: níbi Show thumbnails (àwòrán kékeré tí Nemo fi ń ṣàfihàn fáìlì), ẹ yan Never. Ẹ rí i? Pictures ti ṣí! Àwòrán kan nínú ẹ̀ ló bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ kó ìlàjì wọn sí fódà mìíràn, ẹ dá thumbnails padà, ẹ wo ìlàjì tó ń pa á. Ẹ tún pín ìyẹn sí méjì, títí tó fi máa ku ẹyọ kan.

Bí gbogbo fódà bá ń pa á ńkọ́? Ẹ kọ mv ~/.config/nemo ~/.config/nemo-atijo. Mv tó ń yí orúkọ padà ni mo wí, kì í ṣe rm tó ń pa nǹkan rẹ́. Ẹ ṣì lè dá a padà. Bí ìyẹn náà ò bá ṣiṣẹ́, ó ku sudo apt install --reinstall nemo, tó ń tún Nemo fi sórí kọ̀ǹpútà.