Owó Ọkọ̀ Èèyàn Méjì

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ọmọ Àgbádárìgì tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn odi. Àwọn ìdílé tí ogun lé kúrò nílé, tí wọ́n wá ń gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Owó lẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí wọn, ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo ibi tówó ọ̀hún ń gbà lọ.

Ẹni tójú rẹ̀ rí ogun kì í sábà sọ pé ọkàn ń da òun láàmú. Á ní orí òun ń gbóná, nǹkan ń rìn nínú rẹ̀, àyà ń já, oorun ò kùn. Ọdẹ orí làwọn àgbà ń pè é. Ẹ má já a nírọ́, ẹ má sì fipá mú un ròyìn ogun. Ẹ ó kàn tún egbò yẹn dá ni. Ẹ bi í léèrè ohun tó ń fẹ́ lónìí: ṣé oúnjẹ ni, àbí fóònù tó máa fi wá èèyàn rẹ̀?

Oorun yìí gan-an ló ń kó onílé sí wàhálà. Á sáré ra oògùn oorun, Valium tàbí Lexotan, ní kẹ́míìsì, àlejò á sì sùn lóòótọ́. Kó tó pé oṣù kan, ó lè ti mọ́ ọn lára. Bí wọ́n bá wá dá a dúró lójijì, àìsùn á le ju ti tẹ́lẹ̀, ara á máa gbọ̀n, gìrì pàápàá lè mú un. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì tí dókítà ń kọ yàtọ̀: ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kó tó jẹ́ dáadáa, ọ̀sẹ̀ kejì sì lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jù ú nù.

Ariwo ńkọ́? Táwọn ọmọ bá ń yin báńgà ní Dèsẹ́ńbà, àgbàlagbà lè kó sábẹ́ tábìlì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ ti sọ fún un ṣáájú pé wọ́n á yìn ín lálẹ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, kó tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kó fi imú fa èémí kẹ́ẹ́ títí ẹ ó fi ka mẹ́ta, kó tú u síta, ẹ tún ka mẹ́ta.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé, ẹ má gbé ẹní lé e lórí, ẹ má kọrin atọ́ọ̀lé tẹ̀ lé e. Èyí tí gbogbo ilé ń yìn pé ó jẹ́ jẹ́jẹ́, tí kì í ṣeré, ni kẹ́ ẹ túbọ̀ máa wò.

Tó bá di ọ̀rọ̀ ọsibítù tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, Yaba wà l'Ékòó láti 1907, Aró náà wà l'Ábẹ́òkúta. Ojú ọ̀nà ló ń dẹ́rù bà wọ́n. Láti ẹnubodè Ṣẹ̀mẹ̀ wá, kọ́sítọ́ọ̀mù, sójà, ọlọ́pàá, ìbọn lọ́wọ́! Ẹni tí wọ́n ti nàbọn sí rí lè bọ́ọ́lẹ̀ kó sì padà sílé. Nítorí náà, owó ọkọ̀ èèyàn méjì ni kẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́, lọ àti bọ̀. Kí ẹnì kejì jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí káàdì ìdánimọ̀ ti wà lọ́wọ́ kí wọ́n tó dé ibi àyẹ̀wò, kó máa sọ fún un pé, "Ó ku ọ̀kan sí i, a ti fẹ́ kọjá."