Iyanrìn Tó Gba Inú Ẹja Jáde: Ọ̀rọ̀ Lórí Etíkun Seychelles

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó sọ ohunkóhun nípa òkun, ẹ jẹ́ ká fojú inú bu iyanrìn ẹ̀kúnwọ́ kan ní etíkun Anse Source d'Argent, ní erékùṣù La Digue, ní Seychelles, orílẹ̀-èdè erékùṣù tó wà nínú Òkun Íńdíà. Ẹ dà á sórí aṣọ dúdú, kí ẹ fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Ẹ ó rí èérún ìkarahun, ẹ ó rí èérún iyùn (òkúta tí àwọn ẹran kéékèèké inú òkun ń fi ara wọn kọ́), funfun báláú. Díẹ̀ kọ́ ló ti gba inú ẹja kọjá nínú rẹ̀.

Ẹja kan wà tí wọ́n fi orúkọ ayékòótọ́ pè, torí pé eyín rẹ̀ lẹ̀ pọ̀ bí ẹnu ẹyẹ náà. Ewé wínníwínní tó hù mọ́ ara iyùn ló ń wá jẹ, ṣùgbọ́n kò lè ha á láìbu iyùn mọ́ ọn. Bí ẹ bá ki orí bọ omi nítòsí rẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ ọ kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Ó tún ní eyín mìíràn ní ọ̀nà ọ̀fun tó fi ń lọ òkúta náà kúnná. Èyí tí kò bá dà nínú rẹ̀, á yà á dànù. Ìyẹn la ń tẹ́ aṣọ lé, tí a ń ya fọ́tò lórí rẹ̀. (Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín níbí.)

Ohun tí mo wá sọ lónìí kò ju pé etíkun lóníṣẹ́. Àwọn kan ń ṣe é lójoojúmọ́. Bí ọwọ́ wọn bá dẹ̀, yóò máa tán lọ. Ní 1998, òkun gbóná kọjá ààlà, àwọ̀ iyùn ṣá, ó funfun bí egungun. Láyìíká àwọn erékùṣù Seychelles tó wà láàárín, ó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá iyùn alààyè tó bá a lọ. Apá kan padà bọ̀ sípò, kí ìgbóná mìíràn tó dé ní 2016. Iyùn yìí kan náà sì ni odi tó ń gba ìgbì lọ́wọ́ kó tó dé ilẹ̀. Odi wó, ìgbì ráyè kó iyanrìn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kúrò nínú omi. Erékùṣù tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló wà ní Seychelles. Iná abẹ́ ilẹ̀ tàbí iyùn ló sábà máa ń bí erékùṣù tó wà láàárín agbami, ṣùgbọ́n Mahé, Praslin àti La Digue yàtọ̀. Àpáta giranáìtì ni wọ́n, àfọ́kù ilẹ̀ ńlá tó ṣẹ́kù sójú òkun nígbà tí Íńdíà àti Madagásíkà pínyà. Ọjọ́ orí àpáta náà tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 750 ọdún. Òjò ti kọ ọ́ nílà látòkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni kọ gọ̀ǹbọ́.

Ní Praslin ni Vallée de Mai wà, igbó kékeré tí kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà 20 lọ, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi sínú ohun àjogúnbá àgbáyé ní 1983. Ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì kan, Charles Gordon, dé ibẹ̀ ní 1881, ó ní ọgbà Édẹ́nì gan-an nìyí. Èso tó rí níbẹ̀ ló kó sí i lórí: coco de mer, àgbọn òkun. Ìbàdí obìnrin ló jọ, ẹ̀yin ìyá, ẹ má bínú sí mi. Ẹyọ kan lè tó kílò 25, kò sí kóró irúgbìn tó wúwo tó o láyé. Kó tó gbó, ó lè gbà tó ọdún mẹ́fà tàbí méje.

Kí wọ́n tó mọ igi rẹ̀, àwọn atukọ̀ ń rí i tó léfòó, wọ́n ní ìsàlẹ̀ òkun ló ti ń hù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èyí tó bá tutù á rì ni. Àfi èyí tí inú rẹ̀ ti jẹrà tán ló ń léfòó, kò sì lè hù mọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi ráyè rìn jìnnà: Praslin àti erékùṣù Curieuse tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ni ilé rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mú un kúrò nílùú gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ.

Afẹ́fẹ́ ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò kì í bi léèrè. Láti oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹsàn-án, láti gúúsù-ìlà-oòrùn ló ti ń fẹ́. Lásìkò yẹn, etíkun Beau Vallon ní Mahé máa ń rọra sùn, ṣùgbọ́n ìgbì etíkun Grand Anse ní La Digue lè wọ́ òmùwẹ̀ gidi lọ. Tó bá di oṣù Kejìlá, afẹ́fẹ́ á yí padà sí àríwá-ìwọ̀-oòrùn, Beau Vallon náà á wá gba tirẹ̀. Fọ́tò tẹ́ ẹ rí kò sọ oṣù tí wọ́n yà á fún yín.

Arábìnrin kan dìde, ó ní oṣù wo wá ni kí òun lọ. Mo ní oṣù Kẹrin, nígbà tí afẹ́fẹ́ kan ti ń lọ tí èkejì kò tíì dé, tí omi mọ́ gaara débi pé èèyàn lè dúró nínú rẹ̀ kó máa ka ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún béèrè bóyá òun lè bu iyanrìn díẹ̀ bọ̀ fún ọmọ òun. Mo ní rárá o, kó ya fọ́tò ẹja náà wá fún un.