Èéfín tí ẹ ń rí yẹn, igi tí ẹ ti sanwó rẹ̀ ni

Gbọ̀ngàn kékeré kan ní Yábà la ti pàdé. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ní Màkókó jókòó síwájú, àwọn tó ń lagi ní Oko-Bàbá, Èbúté Mẹ́tta, wà lẹ́yìn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ sì fara ti ògiri. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, mo mú igi ìdáná méjì, mo fi wọ́n kan ara wọn. Ó dún gan-an, ohùn rẹ̀ le. Mo mú méjì mìíràn, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn dún bí ìgbà tí èèyàn gbá ìrọ̀rí. Ìyá kan ti sọ̀rọ̀ kí n tó béèrè: "Tútù nìyẹn. Ojú ni yóò fi ta wá."

Mo ní, "Òótọ́ ni, Màámi, ṣùgbọ́n owó yín náà ń bá a lọ."

Ọ̀rọ̀ tí mo bá wá kò ju ẹyọ kan lọ. Igi, èédú, ìyẹ̀ pákó, ìgbẹ́ màlúù, gbogbo wọn ló ní ooru nínú, àmọ́ púpọ̀ nínú ooru náà kì í dé ìdí ìkòkò. Omi ń jẹ nínú rẹ̀, èéfín sì ń gbé òmíràn lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú omi. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ omi. Ẹni tó ra kílò 10, kílò 5 igi ló rà, ó sì fi owó igi ra kílò 5 omi. Omi yẹn ní láti hó, kó sì gbẹ dànù kí igi tó lè jó dáadáa. Ooru tó lé lítà omi kan kúrò nínú igi, ó tó láti mú lítà 8 omi hó nínú ìkòkò. Ìdí nìyí tí kílò kan igi tó gbẹ pátápátá fi ní nǹkan bíi megajoule (ìyẹn òṣùwọ̀n ooru) 18 sí 20 nínú, tí èyí tó tútù bẹ́ẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 8 lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nìyí: omi ń mú kí iná tutù. Bí igi bá gbóná, gáàsì ló ń jáde lára rẹ̀, gáàsì yẹn ló sì ń di ọwọ́ iná tí à ń rí. Nínú igi gbígbẹ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ló ń gba ọ̀nà yìí kó tó ku èédú. Gáàsì náà fẹ́ ooru líle, ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì kò bá tó, á bá tirẹ̀ lọ láìjó. Òun là ń pè ní èéfín. Dúdú tó lẹ̀ mọ́ páànù òrùlé yín, owó igi ni.

Nítorí náà, ẹ la igi kí ẹ tó sá a, torí ojú ibi tí a gé ni omi ń gbà jáde, èèpo kì í jẹ́ kó kọjá. Ẹ tò ó kúrò nílẹ̀, lábẹ́ páànù, níbi tí atẹ́gùn ọ̀sà lè gbà kọjá. Láti oṣù kẹrin dé oṣù keje, nígbà tí òjò Èkó kì í dákẹ́, igi ọ̀la lè yá ooru ààrò òní, bí ẹ bá ti gbé e jìnnà tó tí iná kò fi ní ràn án. Ẹ má ṣe ki ẹnu ààrò pa. Igi tí kò nípọn ju ọrùn-ọwọ́ lọ ni kí ẹ máa tì wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa kó eérú kúrò kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ wọlé. Igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú, igi àkìpọ̀ náà ń dà á rú.

Ìyá kan dìde, inú rẹ̀ kò dùn. Ó ní èéfín ló ń fún ẹja ní àwọ̀ àti adùn, ta ni yóò ra ẹja funfun? Ìbéèrè tó dára jù lọ́jọ́ náà nìyẹn. Èsì mi ni pé ẹ fi iná tó mọ́ se ẹja, kó gbẹ, kí ẹ wá fún un ní èéfín díẹ̀ nígbẹ̀yìn. Èéfín àárọ̀ dé alẹ́ kì í fi kún adùn mọ́. Nínú rẹ̀ ni àwọn ohun tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ wà, ọ̀fun ẹ̀yin tó ń yan án ló sì ń kọ́kọ́ gbà. Àwọn ará Gánà ní ààrò kan tí wọ́n ń pè ní Chorkor, orúkọ àdúgbò kan ní Akra. Wọ́n ń to àwo ẹja lérí ara wọn lórí rẹ̀, kí ooru tó kọjá lára ti ìsàlẹ̀ lè ṣiṣẹ́ lára ti òkè.

Ní ti èédú, kò ní èéfín nítorí pé gáàsì rẹ̀ ti bá èéfín lọ dànù sínú igbó. Nínú kílò 100 igi tí wọ́n bò mọ́lẹ̀, kílò 10 sí 20 èédú ló sábà máa ń kù. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ ṣílẹ̀kùn. Gáàsì tí kò ní òórùn ń jáde lára rẹ̀, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun.

Ìgbẹ́ màlúù láti ibi ìpẹran tútù jù fún iná. Ẹ jẹ́ kó kan nínú táǹkì tí afẹ́fẹ́ kò wọ̀, gáàsì ìdáná ni yóò mú wá.

Oko-Bàbá ló gbà mí lákòókò jù. Nígbà náà, orí omi ọ̀sà ni gẹdú máa ń léfòó wá síbẹ̀, ìyẹ̀ pákó rẹ̀ sì máa ń tutù rinrin. Wọ́n máa ń dà á sétí omi, á máa jó kẹ́jẹ́kẹ́jẹ́, ẹni tó bá ń gun afárá Third Mainland nígbà náà ti rí èéfín rẹ̀ rí. Bí a bá sá ìyẹ̀ yìí sórí tapólì kó gbẹ, a lè kì í mọ́ inú garawa yí ìgò ká, ká fa ìgò yọ, ká sì lu ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsàlẹ̀. Ihò àárín yẹn ni iná àti afẹ́fẹ́ yóò máa gbà gòkè. A sì lè fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ pò ó, ká tẹ̀ ẹ́ bíi bíríkì. Àmọ́ ìyẹ̀ pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò rẹ, kò gbọ́dọ̀ dé abẹ́ ẹja.

Onílagi kan béèrè ta ni yóò ra èyí tí wọ́n bá sá. Mi ò tíì dáhùn tí ìyá tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fi yí àga rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó ń bi í ní iye tí àpò kan yóò jẹ́ bó bá gbẹ.